Wúrà ló sọ ife yìí di pupa
Ife gíláàsì pupa kan dá mi dúró ní mùsíọ́mù lónìí. Ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Ọ̀dà kẹ̀? Wúrà ni o!

Johann Kunckel, oníṣẹ́ gíláàsì kan, ló ń ṣe irú rẹ̀ fún Friedrich Wilhelm, olórí Brandenburg ní Jámánì. Ní 1685, olórí yìí fún Kunckel ní erékùṣù Pfaueninsel lẹ́bàá Potsdam, kí àṣírí iṣẹ́ má baà tú.

Ásíìdì líle méjì ni wọ́n ń pò pọ̀ kó tó lè yọ́ wúrà. Ọ̀kan ṣoṣo ò tó o. Bíńtín omi wúrà yìí ni wọ́n ń dà sínú èròjà gíláàsì. Bó bá kọ́kọ́ jáde nínú iná, pupa ò tíì sí níbẹ̀ rárá. Ìgbà tí wọ́n bá tún un yá níná ni hóró wúrà tójú ò lè rí á kóra jọ, tí àwọ̀ á yọ bí idán. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń bàjẹ́: bí iná bá pọ̀ jù tàbí tó pẹ́ jù, hóró á tóbi, ife á wá ṣú bí ẹ̀dọ̀.

Friedrich Wilhelm kú ní 1688. Iná jó ilé iṣẹ́ gíláàsì tó wà ní erékùṣù náà lọ́dún kejì, Kunckel sì bá ọba Sweden lọ.