Àyẹ̀wò ọdún mi: ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ADHD

Iṣẹ́ lọ déédéé lọ́dún yìí, ara náà ò burú, àwọn ìwé tí mo ní n ó kà ṣì wà níbi tí wọ́n wà. Ìyẹn ti tó. Ìtọ́jú ADHD (ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí èèyàn lè fọkàn sí nǹkan tàbí kó jókòó jẹ́ẹ́) tí mo bẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí pé orúkọ oògùn ni gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ń béèrè lọ́wọ́ mi, bí ẹni pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí.

Oògùn kọ́ ló kọ́kọ́ dé. Ìbéèrè ni, ìbéèrè rẹpẹtẹ. Àwọn ìdánwò kéékèèké orí íntánẹ́ẹ̀tì ti sọ fún mi tipẹ́ pé mo ní ADHD, ṣùgbọ́n ta ni wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún? Ta ni kì í gbàgbé kọ́kọ́rọ́? Dókítà ọpọlọ tí mo lọ bá kàn rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ sọ ti ìgbà èwe yín fún mi ná.” DSM-5, ìwé ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013, là á sílẹ̀ pé àmì mélòó kan gbọ́dọ̀ ti hàn kí èèyàn tó pé ọmọ ọdún 12. Àmì 9 ló wà fún àìlèfọkànsí, 9 míì fún àìlèjókòó jẹ́ẹ́ àti ìwàǹwára. Ẹni tó bá ti pé ọdún 17 gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 5 ní apá kan, kó ti wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù 6, kó hàn nílé kó tún hàn níbi iṣẹ́, kó sì máa da ìgbé ayé rẹ̀ rú ní ti gidi. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni àwọn ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fò.

Mo wá ìwé èsì ilé ẹ̀kọ́ mi àtijọ́ jáde. “Ọpọlọ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kì í fara balẹ̀.” Tíṣà kan kọ ọ́, òmíràn tún un kọ. Nígbà tí mo bi màmá mi, wọ́n ní, “Ìwọ tí a máa ń rán níṣẹ́ mẹ́ta, tí wàá jẹ́ ẹyọ kan bọ̀!” Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n wá fi kún un pé, “Bàbá rẹ náà kúkú rí bẹ́ẹ̀.” Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn ìbejì gbè wọ́n lẹ́sẹ̀: nǹkan bí ìpín 74 nínú 100 ìyàtọ̀ tó wà láàárín èèyàn kan sí èkejì lórí ọ̀rọ̀ yìí ló ti inú ìran wá. Dókítà tún yẹ oorun mi wò, ó yẹ thyroid, ẹ̀yà ara kan tó wà lọ́rùn, wò, ó bi mí nípa àníyàn àti ìbànújẹ́ ọkàn, torí gbogbo wọn ló lè mú kí ọkàn èèyàn má pa pọ̀.

(Ẹ̀yin tó ń sọ pé fóònù ló fa gbogbo èyí, ní 1902 ni George Still, dókítà àwọn ọmọdé, ti ṣàlàyé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù. Fóònù wo nígbà náà?)

Methylphenidate ni wọ́n fún mi. Oògùn àtijọ́ ni. Leandro Panizzon, onímọ̀ kẹ́míkà, ló pò ó ní 1944 ní Switzerland, orúkọ ìyàwó rẹ̀, Rita, ni wọ́n sì ti fa Ritalin, orúkọ tí wọ́n fi ń tà á, yọ. Ó máa ń mú kí dopamine àti noradrenaline, èròjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, pọ̀ sí i láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Díẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi kún un ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, wọ́n ń wọn ìfúnpá mi àti bí ọkàn mi ṣe ń lù. Oúnjẹ ọ̀sán ò wù mí jẹ mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá bá lára mu lè lo atomoxetine, èyí tó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé oògùn ń jẹ́ kí èèyàn lè fọkàn sí nǹkan, ṣùgbọ́n kì í bá a yan nǹkan náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ìjábọ̀ kan ń dúró dè mí, mo fi gbogbo ọkàn, láìwo ẹ̀gbẹ́, to àwọn fọ́tò inú kọ̀ǹpútà mi títí di ọ̀sán. Wọ́n tò dáadáa o!

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ onímọ̀ nípa ìhùwàsí tí mo ń rí ti wọlé. Ìlànà rẹ̀ ò ní àrà kankan nínú: kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo, kì í ṣe ìwé mẹ́ta, iṣẹ́ kan kì í wọ inú rẹ̀ láìní wákàtí, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ sì gbọ́dọ̀ kéré débi pé ìtìjú ni kéèyàn má ṣe é. Kì í ṣe “kọ ìjábọ̀”, “ṣí fáìlì, kọ àkọlé” ni. Bí a bá tún pàdé, a óò wo èyí tí mi ò ṣe, a óò wá ibi tó ti já. Mo ti ka irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹnì kan ń retí mi.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ ń dáhùn ìwé ìbéèrè kan náà nípa bí mo ṣe ń ṣe sí, kí n tó padà lọ rí dókítà. Máàkì tí ẹ̀gbọ́n mi ń fún mi kì í tó èyí tí mò ń fún ara mi, tiwọn ni dókítà sì máa ń kọ́kọ́ kà.

Ìlànà 2018 ti NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni kí wọ́n tún irú oògùn bẹ́ẹ̀ gbé yẹ̀ wò, bóyá ó ṣì yẹ kí èèyàn máa lò ó. Tèmi bọ́ sí oṣù Kìíní. Ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ gbé lọ, torí bí agbára oògùn bá ti ń lọ, ara mi kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, àwọn ará ilé mi ò sì yé sọ ọ́.