Ẹ má bá èrò nìkan jà, ẹ wá ìdí rẹ̀

Avoidant personality disorder ni dókítà pe àìsàn tèmi, ìyẹn àìsàn ọkàn tó ń mú kéèyàn máa sá fún àwọn ẹlòmíràn. Ó ju ìtìjú lọ. Ara onítìjú máa ń balẹ̀ tó bá ti pẹ́ díẹ̀ láàárín èèyàn. Tèmi kì í balẹ̀, torí ohun tó ń dẹ́rù bà mí ti wà nínú mi kí n tó kúrò nílé: mo ti gbà pé mi ò tó ẹni tí wọ́n ń fẹ́, àti pé ẹni tó bá sún mọ́ mi yóò rí i, yóò sì pa mí tì.

Dókítà Aaron Beck, ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tó ń yẹ ìrònú wò ní àwọn ọdún 1960, ṣàlàyé pé irú ìgbàgbọ́ báyìí ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Òun ló ń bí òfin tí a ń ṣe fún ara wa, bíi “tí mo bá dákẹ́, àṣírí mi ò ní tú.” Òfin yẹn ló wá ń bí èrò tó ń já lù wá lójijì. Èrò yìí la sábà máa ń bá jà. A lé ọ̀kan lọ, òmíràn dé.

Olùdarí akọrin ìjọ wa sọ fún mi nígbà kan pé, “Ohùn yín dùn gan-an lónìí o. Ẹ̀yin lẹ máa dá orin yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” Kí n tó jókòó, ọkàn mi ti sọ ọ́ di pé àánú mi ló ṣe é. Ká ní ó bú mi ni, mi ò ní béèrè ẹ̀rí kankan. Èébú ń wọlé tààrà. Ìyìn ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mò ń bi í pé ta ló rán an wá.

Ilé ò sì tètè fura. “Ọmọ dáadáa ni, kì í ráhùn,” ni wọ́n máa ń wí. Àwọn kan náà ló ń béèrè pé ẹni tó gba ipò kìíní, ṣé orí méjì ló ní ni. Ọmọdé lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ títí dàgbà.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo ń kọ ọ̀rọ̀ tí èèyàn sọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde, kí ọkàn mi tó túmọ̀ rẹ̀. Tí mo bá ń lọ sóde, mo ń kọ ohun tí mò ń bẹ̀rù. Tí mo bá dé, mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sóde. Tí a bá jókòó sílé, ara á tù wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ yẹn ò ní rí ohun tó máa já a nírọ́ láé.

Ẹ má dá a ṣe. Àwọn dókítà ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn Àrò l'Abẹ́òkúta, wọ́n wà ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn. Tí ọ̀rọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde lẹ́nu yín níwájú wọn, ẹ fún wọn ní ìwé tí ẹ kọ, kí wọ́n kà á.