Obìnrin aláṣọ búlúù ní New York, àti ọkùnrin tó fi sọ́sééjì rẹ́ mi jẹ

Sọ́sééjì kan ṣoṣo nínú búrẹ́dì, omi inú ike kan, dọ́là 19! Ní Fifth Avenue ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà Central Park. Ọkùnrin tó ń tà á kò kọ iye owó sí ibì kankan. Ìgbà tí mo ti gé búrẹ́dì náà jẹ ló tó dá iye lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ná an, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọmọ àǹtí mi tó mú mi jáde ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ san án ká máa lọ, a ò sí ní Dùgbẹ̀." Mo san án, mo ń kùn lọ. Ẹ̀yin tó ń bọ̀, ẹ béèrè iye kí ẹ tó nawọ́ gbà á o.

Dọ́là 30 ni mo tún san lẹ́nu ọ̀nà The Frick Collection, ilé olówó kan tó ń jẹ́ Henry Clay Frick, tó ti di ilé àwòrán báyìí. Orí mi gbóná sí i. Àfi ìgbà tí a gòkè tí mo rí àwòrán Louise de Broglie, Comtesse d'Haussonville, ni ara mi tó rọ̀.

Ingres, ará Faransé, ló yà á. 1842 ló bẹ̀rẹ̀, 1845 ló parí rẹ̀. Oyún obìnrin náà wà lára ohun tó fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Télọ̀ ni mí, aṣọ ni mo kọ́kọ́ wò: ṣẹ́dà búlúù, bó ṣe kájọ ní ìbàdí, bó ṣe ń dán níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti bà á. Ó fara ti ibi ìdáná tó ń mú yàrá gbóná, tí wọ́n fi àrán bò, ó fi ìka kan ti àgbọ̀n, ó ń wò wá tààrà. Dígí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ọrùn rẹ̀ hàn, àti rìbọ́ọ̀nù pupa tó wà nínú irun.

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá ọ̀tún yẹn. Kò ti èjìká wá rárá, ìhà ló ti yọ! Bí mo bá rán apá aṣọ báyẹn, oníbàárà á jù ú padà fún mi. Ingres mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹwà ìlà ara ló ń wá, kò ka eegun sí.

Yàrá tí Frick ń sùn nígbà ayé rẹ̀ ni wọ́n gbé e kọ́. Bẹ́ẹ̀, 1919 ni bàbá kú, 1927 ni wọ́n tó ra àwòrán náà. Kò jẹ ẹ́ gbádùn!

Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn ya fọ́tò níbẹ̀, ìyẹn sì dùn mọ́ mi, gbogbo èèyàn ń fi ojú ara wọn wò ó. Ọmọ àǹtí mi ní ṣé mo lè rán irú aṣọ náà fún òun. Mo ní kó lọ ra ṣẹ́dà náà wá ná, ká tó sọ owó iṣẹ́.