Iná Abẹ́ Ìbọn àti Àmì Tí Ń Tàn Lóru: Èwo Ni Kí A Kọ́kọ́ Rà?

Nígbà tí mo ra Glock 19, ìbọn ìléwọ́ kan, tí mo fi pamọ́ sí yàrá wa ní Houston, ohun àkọ́kọ́ tí mo náwó lé lórí ni àmì ìfojúsùn tí ń tàn lóru, ìyẹn àmì orí ìbọn tí a ń wò kí a tó yìn ín. Ọkùnrin tí ó wà lẹ́yìn káńtà ní ilé ìtajà náà ni ó fà mí lọ́kàn mọ́ ọn: ó pa iná ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó na ìbọn kan tí kò ní ọta nínú sí ògiri, mo sì rí ẹyinná kékeré mẹ́ta aláwọ̀ ewé nínú òkùnkùn. Mo san dọ́là 140, owó alágbẹ̀dẹ ìbọn tí ó bá mi fi í síbẹ̀ wà nínú rẹ̀, mo sì gbé e lọ sílé bí ẹni tí ó ra ojú ológbò.

Àmì náà kò burú, ó ṣì wà lórí ìbọn náà títí di òní. Ètò tí mo tò ó ni kò dára. Iná abẹ́ ìbọn, ìyẹn tọ́ọ̀ṣì kékeré tí a ń so mọ́ abẹ́ ẹnu ìbọn, ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ rà, ìjì Beryl ni ó sì là mí lójú sí i. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2024 ni ìjì náà wọ Texas láti etí òkun Matagorda, ó sì mú iná ọba lọ ní ilé àti ilé iṣẹ́ tí ó ju mílíọ̀nù 2 lọ. Àdúgbò wa wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ mélòó kan, àwa tí a sì dàgbà sínú àìsí iná, tí a rò pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní jẹnẹrétọ̀ kankan nílé. Ní òru ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ tí nǹkan ró gbì nínú ilé ìdáná. Mo mú ìbọn, mo yọ́ dé ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì nà án síwájú. Ẹyinná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò bí ó ṣe yẹ kí wọ́n tò, wọ́n mọ́ roro. Ní iwájú wọn lọ́hùn-ún ni òjìji kan wà tí ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, tí ó gbé ohun kan tí ó ní ẹnu gígùn dání. N kò mọ ẹni tí í ṣe. N kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Mo ní, "Ta nìyẹn?" Ohùn kan dáhùn pé, "Èmi ni o, bàbá Ràmọ́tà. Omi àlùwàlá ni mò ń wá."

Ìyá ìyàwó mi ni, tí wọ́n wá láti Ìwó láti bá wa tọ́jú Ràmọ́tà, ọmọ wa. Bútà onírọ́bà wọn ni mo rí tí mo ń pè ní ohun ẹlẹ́nu gígùn. Mo yí ìbọn sí ilẹ̀, mo dá a padà sínú àpótí rẹ̀, mo sì jókòó sí etí ibùsùn títí ilẹ̀ fi mọ́. N kò sọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ mi lóru náà fún wọn, n kò sì rò pé mo máa sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka nípa ọ̀rọ̀ yìí, tí mo ń rà, tí mo ń dán wò, tí mo sì ń dá òmíràn padà, nítorí náà ni mo ṣe rò pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ará wa tí wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè. Kí n tó lọ síwájú, ẹni tí ó wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà ìgbà díẹ̀ mìíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí rárá láìkọ́kọ́ rí lọ́yà, nítorí òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìbọn, àfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀.

Tritium ni ó ń mú àmì òru tàn. Ẹ̀yà háídírójìn kan tí ń tú ìtànṣán ni. Wọ́n ń dé e mọ́ inú gíláàsì tí ó kéré ju orí ìṣáná lọ, tí wọ́n ti fi èròjà tí ń tàn kun inú rẹ̀, bí ìtànṣán náà bá sì ti ń lu èròjà yìí ni yóò máa tàn, láìsí bátìrì àti láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ sá a sí oòrùn. Ìtànṣán náà kò lágbára láti la gíláàsì tàbí awọ ara kọjá, nítorí náà kò yẹ kí ó dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni níwọ̀n ìgbà tí gíláàsì náà kò bá fọ́. Ṣùgbọ́n kì í tàn títí láé. Láàárín ọdún 12 àti oṣù díẹ̀, ìdajì tritium inú rẹ̀ á ti lọ, nígbà tí ọdún 25 bá sì fi máa pé, ìdámẹ́rin rẹ̀ péré ni yóò kù. Ọ̀rẹ́ mi kan ra ìbọn àlòkù tí wọ́n sọ fún un pé ó ní àmì òru. Àwa méjèèjì wọ inú yàrá ìkáṣọ, a ti ilẹ̀kùn, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan ìbọn náà kí a tó rí ohunkóhun. Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n ṣe àmì náà gan-an, ẹ má ṣe béèrè ọdún tí wọ́n ra ìbọn.

Àmì alẹ́yinná mẹ́ta tí àwọ̀ wọn bára mu, irú èyí tí mo rà, ní àléébù kan tí ọlọ́jà kò sọ fún mi. Méjì wà lẹ́yìn, ọ̀kan wà níwájú, ọ̀kan tiwájú yìí ni ó sì yẹ kí ó wà láàárín. Nínú òkùnkùn biribiri, nígbà tí àyà ń já, ojú lè to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ìlà kan ṣoṣo tí ẹyinná iwájú yóò fi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, tí ẹni náà yóò sì máa rò pé ìbọn òun dojú kọ ọ̀kánkán. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn èyí tí àmì iwájú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹ̀yìn. Trijicon, ilé iṣẹ́ kan ní Michigan, ń ṣe irú kan tí wọ́n pè ní HD, tí òrùka aláwọ̀ ọsàn tàbí yẹ́lò yí ẹyinná iwájú ká, tí ẹ̀yìn sì dúdú. Ojú ń lọ sí òrùka náà fúnra rẹ̀, lọ́sàn-án àti ní àfẹ̀mọ́júmọ́. XS Sights ní Fort Worth níhìn-ín ní Texas ń ṣe èyí tí ẹyinná iwájú rẹ̀ tóbi bíi bọ́tìnnì, èyí tí àwọn tí ojú wọn ti ń di ojú àgbà fẹ́ràn. Èmi kò kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń bo ohun tí mo ń wò bí ó bá jìnnà díẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ó sàn ju àmì oníke tí ó bá Glock wá láti ilé iṣẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ ìbọn fi í sí i, kí ẹ sì gbé ìbọn náà lọ sí pápá ìyìnbọn kí ẹ tó fọkàn tán ibi tí ọta rẹ̀ ń lọ.

Nígbà tí iná abẹ́ ìbọn bá tàn, ẹ kò ní rí ẹyinná tritium mọ́. Ìmọ́lẹ̀ funfun náà á bò ó mọ́lẹ̀, àmì iwájú àti ti ẹ̀yìn yóò sì dúdú bí èédú lójú ohun tí iná ń tàn sí, wọn yóò sì hàn kedere bẹ́ẹ̀. Bí ibi gbogbo bá sì ṣókùnkùn tí kò sí iná rárá, ẹ óò rí ẹyinná, ẹ kò ní rí ènìyàn. Ìgbà tí tritium nìkan wúlò gan-an kò ju ìgbà tí ẹni tí ẹ ń wò bá wà nínú ìmọ́lẹ̀ iná ojú pópó tàbí iná ẹnu ilẹ̀kùn, tí ẹ̀yin sì wà nínú òkùnkùn. Ó ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi.

Bàbá bàbá mi ṣọdẹ òru. Wọ́n máa ń so àtùpà mọ́ iwájú orí, bí ojú bá sì tàn nínú igbó, wọn kì í yìnbọn títí wọn yóò fi mọ irú ojú tí ó jẹ́, bóyá ti ìgalà ni tàbí ti ewúrẹ́ ẹnìkan tí ó já okùn. Àtùpà yẹn ni wọ́n ń tún ṣe kí oòrùn tó wọ̀, wọn kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìbọn.

Nínú iná abẹ́ ìbọn, Streamlight àti SureFire ni mo ti lò. Ohun méjì ni wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀, àwọn ènìyàn a sì máa ka ọ̀kan ṣoṣo. Lumen ni àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ó ń jáde. Candela ni bí àárín rẹ̀ ṣe mú tó. TLR-1 HL ti Streamlight ní lumen 1,000 àti candela 20,000, TLR-7A tí ó kéré jù ú lọ ní lumen 500 àti candela 5,000. X300 Turbo ti SureFire ní tirẹ̀ ní lumen 650 péré, ṣùgbọ́n candela rẹ̀ jẹ́ 66,000, bí ọ̀kọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rí: tín-ín-rín, tí ó sì ń lọ jìnnà. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ gbalasa lẹ́yìn ilé rẹ̀ lè fẹ́ ìyẹn. Nínú ilé bíi tiwa, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ, tí ògiri rẹ̀ sì funfun, ìmọ́lẹ̀ tí ó gbòòrò ni mo fẹ́, èyí tí yóò fi ojú ènìyàn àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì hàn mí lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo dán TLR-1 HL wò ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná náà nìkan, tí mo ti yọ kúrò lára ìbọn. Mo pa gbogbo iná ilé, mo tàn án sí ilẹ̀, bí ìṣísẹ̀ méjì sí ibi tí mo dúró. Ìmọ́lẹ̀ náà ta padà láti ara táìlì sí àjà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, mo sì ń ka orúkọ oṣù lára kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ wa tí a fi kọ́ ara ògiri lọ́hùn-ún. Èyí ni ó tẹ́ mi lọ́rùn jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ó túmọ̀ sí pé mo lè mọ ẹni tí ó dúró síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnu ìbọn kọjú sí i.

Ibi tí iná abẹ́ ìbọn bá kọjú sí ni ìbọn náà kọjú sí. Ẹni tí ó bá fi í wá ọmọ rẹ̀ nínú òkùnkùn ti na ìbọn sí ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà ni tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ lásán fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, òun ni mo sì kọ́kọ́ ń mú. Èyí tí ó wà lábẹ́ ìbọn kò sí fún wíwá nǹkan. Ẹ tún wo bí ẹ óò ṣe máa tàn án. Àtàǹpàkò ọwọ́ kejì ni ó yẹ kí ó ṣe é, kí ìka tí ń fa tírígà má bá wọn dá sí i rárá, nítorí àwọn ọlọ́pàá kan ti wà ní orílẹ̀-èdè yìí tí wọ́n ní iná ni àwọn fẹ́ tàn tí ìbọn fi dún.

Àwọn ohun kéékèèké kù. Ìbọn yín gbọ́dọ̀ ní réèlì, ìyẹn ibi tí a ń so iná náà mọ́, lábẹ́ ẹnu rẹ̀. Glock 19 ní in, Glock 43 kò ní. Àkọ̀ tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀ kò ní gbà á mọ́. Bátìrì CR123A ni iná náà ń lò, kì í ṣe irú èyí tí a ń fi sí rìmóòtù, nítorí náà kí ẹ ní méjì mẹ́rin nípamọ́. Ohun tí kò sì sí ẹni tí ó sọ fún mi ni ti àpótí: nígbà tí mo fi iná sí ìbọn tán, àpótí onírin tí mo ń tì í mọ́ kò pa dé mọ́. Fún ọjọ́ méjì ni mo fi ń yọ iná náà tí mo ń tún un fi sí i, kí n tó lọ ra èyí tí ó fẹ̀. Fífi í sílẹ̀ lórí tábìlì kò wáyé rárá, nítorí Ràmọ́tà ti ń rìn káàkiri, òfin Texas sì ń fìyà jẹ ẹni tí ó bá fi ìbọn tí ó lọ́ta sílẹ̀ láìbìkítà tí ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 sì tó o.

Mo tún ra iná kékeré mẹ́ta tí a ń kì bọ sókẹ́ẹ̀tì, tí ó ń tàn fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá kọjá, tí ó sì ní bátìrì nínú fún ìgbà tí iná ọba bá lọ. Ọ̀kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan wà nílé ìdáná, ọ̀kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Nígbà tí ìyá ìyàwó mi ń palẹ̀mọ́ láti padà sí Ìwó, wọ́n yọ ti ilé ìdáná, wọ́n fi ìró wé e, wọ́n kì í bọ àárín àpótí wọn, wọ́n ní òun ni yóò máa tan ọ̀nà fún àwọn lọ síbi omi àlùwàlá.