Credit card n'Ílùú Ọba: ẹ forúkọ ìdìbò sílẹ̀ ná

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ tí ẹ ń palẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọrọ credit card, káàdì tí báǹkì fi ń jẹ́ kéèyàn rajà láwìn, lọ́sẹ̀ tí ẹ bá dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tọrọ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ̀ fún mi. Iṣẹ́ wà, owó oṣù ń wọlé, n kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ rí. Ẹ̀bi mi gan-an nìyẹn. Nílé, iyì ni kéèyàn má jẹ gbèsè. Níbí, ẹni tí kò yáwó san rí, wọn ò mọ̀ ọ́n rárá. BVN àti gbogbo ohun tí ẹ ti san nílé kò bá yín wọ bàálù.

Experian, Equifax àti TransUnion ló ń kọ ìtàn owó kálukú sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tọrọ káàdì ló ń hàn níbẹ̀. Tó bá ti pọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, báǹkì tó kàn á ní owó ń pọ́n yín lójú. Eligibility checker, ohun èlò orí ayélujára tó ń sọ bóyá wọ́n lè fún yín ní káàdì, ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Báǹkì mìíràn kì í rí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìdìbò ni kókó. Ọmọ Commonwealth ni wá, a lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀ bí físà wa bá ṣì múlẹ̀. Lórí gov.uk ni, ọ̀fẹ́ ni, ẹ mú nọ́ńbà National Insurance yín (èyí tí ìjọba fi ń mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́) dání. Inú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò yìí ni báǹkì ti ń rí i pé ilé tí ẹ pè lẹ ń gbé lóòótọ́. Àwọn kan á ní kí ló kàn wọ́n nínú òṣèlú òyìnbó. Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ dìbò?

Bí ẹ bá ṣe kọ àdírẹ́sì síbẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ níbi gbogbo. Níbí, "ilé alájà méjì lẹ́yìn Ọjà Ọba" kò lè ṣiṣẹ́. "Flat 2, 14" àti "14B" lè di ilé méjì lójú kọ̀ǹpútà. Orúkọ náà, bó ṣe wà nínú páṣípọ́ọ̀tù ni, títí kan orúkọ àárín.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ tọrọ credit builder, káàdì fún ẹni tí kò tíì ní ìtàn owó. Èlé rẹ̀ lè ju 30% lọ lọ́dún, àmọ́ ẹni tó bá fi Direct Debit (kí owó máa kúrò fúnra rẹ̀ ní báǹkì yín) san gbogbo owó ọjà tó rà lásìkò kì í san án. Bó bá jẹ́ £200 ni wọ́n fún yín, ẹ má ná ju £60 lọ. Ẹyọ ìgbà kan tí ẹ bá gbàgbé láti san án, ọdún 6 ló máa fi wà nínú ìwé yín. Ẹ má sì fi gbowó lẹ́nu ATM, ọjọ́ náà gan-an ni èlé ń bẹ̀rẹ̀, kódà bí wọ́n bá pè yín láti Oyèmẹ́kùn pé aṣọ ẹbí ti fẹ́ tán.