Ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì Àbúrò Mi, Ọjọ́ Orí Wà Nínú Ọ̀rọ̀ Yìí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba, mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì lè sọ̀rọ̀ báyìí láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ̀ pé dúdú ni wá, ẹ mọ̀ pé obìnrin ni wá, mi ò ní tún ìyẹn sọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà tí mo dé ni pé ìyà náà máa ń pààrọ̀ aṣọ bí ọjọ́ orí wa ṣe ń gòkè.

Ẹ̀kọ́ kìíní: wọ́n á fojú àgbà wo ọmọ wa, wọ́n á fojú ọmọdé wo àgbà wa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, nílé ìwé kan ní Hackney ní London, àwọn ọlọ́pàá bọ́ ọmọbìnrin dúdú ẹni ọdún 15 síhòòhò, wọ́n fura pé ó gbé igbó. Wọn kò sọ fún ìyá rẹ̀, wọn kò sì bá nǹkan kan lára rẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2022 sọ pé wọn kò fojú ọmọdé wò ó. Ọmọ yìí kan náà, ẹ jẹ́ kó pé ọgbọ̀n ọdún kó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, aláìsàn á ní òun fẹ́ rí nọ́ọ̀sì gangan.

Ẹ̀kọ́ kejì ló ṣì ń dùn mí. Ipò mátróòn ṣófo ní ilé ìwòsàn wa. Èmi ni mo ti ń di ipò náà mú láìsí owó kún owó mi. Nígbà tí wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n bi mí bóyá kò tíì tó àkókò kí n máa sinmi. Ọ̀dọ́kùnrin òyìnbó tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n gbé e fún.

Mo pè wọ́n lẹ́jọ́. Kò sí àbàwọ́n kan nínú ìwé iṣẹ́ mi, mo sì gbà pé òtítọ́ á lékè. Agbẹjọ́rò wọn dìde. Lórí àwọ̀, ó dárúkọ ọmọbìnrin dúdú kan tí wọ́n gbé ga lọ́dún tó ṣáájú, tí kò tíì pé ogójì ọdún. Lórí ọjọ́ orí, ó dárúkọ obìnrin òyìnbó kan tó jù mí lọ tó jẹ́ mátróòn. Lórí obìnrin, ó ní ṣebí àwọn méjèèjì nìyẹn. Wọ́n gé mi sí mẹ́ta, wọ́n sì rí èsì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Obìnrin dúdú tó ti dàgbà kò sí nípò náà rárá, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè rẹ̀. Mo pàdánù.

Bí òfin ṣe ń rìn nìyẹn. Nínú ẹjọ́ tí Kamlesh Bahl, obìnrin tí ìran rẹ̀ ti Éṣíà wá, pe Law Society, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Ìlú Ọba, ní 2004, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ ẹ̀yà lọ́tọ̀, kí wọ́n wo ti obìnrin lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe Òfin Ìbáradọ́gba ti 2010, wọ́n fi abala 14 sí i kí ènìyàn lè pa ìdí méjì pọ̀, bíi ẹ̀yà àti jíjẹ́ obìnrin, fẹjọ́ sùn, ṣùgbọ́n ìjọba tó wọlé lẹ́yìn náà kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Méjì péré náà ni, èmi sì rèé, mẹ́ta ni mo gbé wá.

Nítorí náà, ẹ yé sọ pé àwọn àǹtí wọ́ọ̀dù kò yára lórí kọ̀ǹpútà. Mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín, ó sì ń bà mí nínú jẹ́, torí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀gá ń wá nìyẹn. Òyìnbó tó dàgbà, wọ́n á ní onírìírí ni. Tiwa, wọ́n á ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kí wàhálà tó dé. Ohun tí wọ́n bá sọ sí yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọmọbìnrin tí wọ́n fi ta kò mí kò ṣẹ̀ mí. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n dárúkọ òun. Ẹ̀yin ti mọ̀ báyìí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá jẹ́rìí pé wọn kì í ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà níbi iṣẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ orí ẹni tó pẹjọ́.