Omi Tí Ẹ̀ Ń Bù Sínú Rẹdíétọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ńlá lọ́wọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjọ́rà ni èmi ti kọ́ṣẹ́, lábẹ́ ọ̀gá kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn tírélà tó ń gbé kọ̀ǹténà láti Àpápá ló ń bọ́ wa. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ju ọ̀rọ̀ omi lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Tírélà kan wá sọ́dọ̀ wa lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù márùn-ún. Ẹjọ́ kan náà ló ń gbé wá: omi rẹdíétọ̀ ń dín, a ò sì rí ibi tó ti ń jò. Bí a bá fa géèjì ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì ti ṣe funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Èmi ni mo yára sọ pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni, ìyẹn èyí tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti búlọ́ọ̀kù kí omi àti ọ́ìlì má bàa dàpọ̀. A pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ padà dé. A tún pààrọ̀ rẹ̀, a tiẹ̀ gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé e kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tó dé lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá mi ní kí n fa sílíìfù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde, àwọn ọ̀pá irin oníhò tí písítìn ń lọ sókè-sódò nínú wọn. Ó ń gbé wọn sókè sí oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ojú kan wo inú wọn bí ẹni ń yẹ ẹyin wò. Nígbà tó kan ìkarùn-ún, ó gbé e fún mi. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ lára irin náà láti inú ihò kan tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

"Kí ló lu ú?" Mo ní ìpẹtà ni. Ó mi orí.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ńlá, inú omi ni sílíìfù dúró sí. Omi ń kan ẹ̀yìn rẹ̀ ní tààrà. Gbogbo ìgbà tí epo bá gbiná, písítìn a gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun náà a sì gbọ̀n bí awọ ìlù. Bó ṣe ń gbọ̀n ni ìhó kéékèèké ń yọ nínú omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n sì ń fọ́ mọ́ ọn lára. Ìhó kan ò lè ṣe irin ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 1,800 ní ìṣẹ́jú kan, sílíìfù kọ̀ọ̀kan ń jẹ ìgbájú 900 láàárín ìṣẹ́jú náà, torí ẹ̀ẹ̀kan ní ìyípo méjì ni epo ń gbiná nínú rẹ̀. Ẹ ṣírò ti ọdún kan.

Oògùn inú kúláàntì ẹ́ńjìnnì ńlá, omi aláwọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ike fún rẹdíétọ̀, ló ń gba sílíìfù sílẹ̀. Ó máa ń fi awọ fẹ́lẹ́ kan bo ẹ̀yìn sílíìfù, kí ìhó máa fọ́ mọ́ awọ yẹn, tí awọ náà yóò sì tún ara rẹ̀ ṣe. Oògùn yìí ń tán o. Bébà ìdánwò wà tí a ń tì bọ inú kúláàntì láti mọ ohun tó kù. Àwọ̀ kúláàntì kò lè sọ ọ́ fún yín. Ti ọkọ̀ kékeré lè má ní oògùn yìí rárá, bó ti wù kó rẹwà tó nínú ike.

Kí ni dírẹ́bà wa ń bù sínú tirẹ̀? Omi kànga ilé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kànga tó sún mọ́ ọ̀sà ní Èkó ló níyọ̀, iyọ̀ sì ń jẹ irin. Èépá funfun bíi ti ìsàlẹ̀ kẹ́tùrù ti lẹ̀ mọ́ ibi gbogbo nínú búlọ́ọ̀kù, ooru ò sì rí ọ̀nà jáde. Omi bátìrì ni kí ẹ lò, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé kì í ṣe ásíìdì ni wọ́n tà fún yín. Ìlàjì òun, ìlàjì kúláàntì. Ẹnìkan bi mí rí pé ta ló ń rí yìnyín ní Mushin tí a fi ń ra kúláàntì. Òótọ́ ni pé kúláàntì kì í jẹ́ kí omi dì, ṣùgbọ́n ó wúlò nínú ooru náà: àdàlù yẹn kì í hó títí yóò fi tó nǹkan bí ìwọ̀n 107 sẹ́ńtígíréèdì, ìdérí rẹdíétọ̀ tó bá sì dára ń gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìdérí tó ti rọ̀, ẹ jù ú nù.

Ọ̀rọ̀ tamọsítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tí kì í jẹ́ kí omi lọ sínú rẹdíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi móoru, ló ń bí mi nínú jù. Àwọn dírẹ́bà a ní: "Ọ̀gá, ilẹ̀ wa gbóná, yọ ọ́." Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣí títí omi yóò fi tó nǹkan bí ìwọ̀n 82. Ẹ wá wo tírélà tó tò láti Mile 2 dé Tin Can, tí dírẹ́bà ò pa ẹ́ńjìnnì láti àárọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró kì í mú ooru púpọ̀ jáde. Bí tamọsítáàtì ò bá sí, kò ní móoru tó. Epo tí kò jóná tán á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíìfù, á sì ṣàn wọnú ọ́ìlì nísàlẹ̀ títí yóò fi ṣàn bí omi. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn, tamọsítáàtì yìí kan náà ló ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi lè gbà yẹ rẹdíétọ̀ sílẹ̀. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ wò ó bóyá ẹ́ńjìnnì náà ò ní gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀gá mi dá owó gásíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì padà fún ọlọ́kọ̀. Ọ̀kan jáde láti àpò tirẹ̀. Èkejì, ó ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oúnjẹ mi títí ọdún fi parí.